Òrùka Ara Igi Ìkìbọn

Gbàù!

Èéfín funfun bo pápá ẹ̀yìn ilé. Àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi. Ajá ilé sá wọ abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù Dell, kò sì jáde mọ́.

"Ó bà á!" ni Dell pariwo. "Tress, ó bà á!"

Tressa gbé ìbọn bàbá wọn sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó fi ọwọ́ ra èjìká rẹ̀ tó ń ta á, ó sì dúró kí èéfín lọ. Nígbà tí èéfín lọ tán, abọ́ páànù tí ìyá wọn fi ń yan àkàrà ápù ṣì wà níbi tí wọ́n so ó mọ́, níwájú òkìtì yẹ̀pẹ̀, ó ń dán yanranyanran. Kò sí ihò kankan lára rẹ̀.

"Kí ló bà?" ni Tressa bi í.

"Òkìtì yẹ̀pẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fèsì. "Ṣé o ò rí i pé ó ti kú ni?"

Ọjọ́ mìíràn, Tressa ìbá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ọjọ́rú nìyẹn, àsìkò ọdẹ ṣakabùlà yóò sì ṣí lórí àwọn òkè Colorado láàárọ̀ Sátidé. Ọjọ́ pẹ́ tí Tressa ti ń tọrọ ìwé àṣẹ láti pa àgbọ̀nrín ńlá lórí òkè tí bàbá rẹ̀ máa ń dẹ. Ìbò ni ìjọba fi ń yan àwọn tó máa rí i gbà, orúkọ ẹlòmíràn ló sì ń jáde lọ́dọọdún. Lọ́dún yìí, tirẹ̀ jáde! Ọjọ́ tó gbọ́, ó wà lórí ìjókòó awakọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ilé ìwé tó ń wà. Ó fọn fèrè bọ́ọ̀sì náà títí gbogbo ọmọ inú rẹ̀ fi dìde jó.

Bàbá wọn, Orrin Haldorsen, ti kú nígbà òtútù tó kọjá, Tressa ló sì fi ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ fún. Ṣakabùlà ni, èyí tó ń fi fìlà bàbà kékeré ṣáná. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ débi pé ìka àgbàlagbà lè wọ inú rẹ̀. Ọta òjé ribiti kan ṣoṣo ni wọ́n ń kì sí i, wọ́n á sì fi àkísà wé ọta náà kó lè di inú ihò ìbọn mú. Kò tún sí ìbọn mìíràn nílé tí òfin gbà lásìkò náà.

Tressa sì ti ṣèlérí fún Verna, ìyá rẹ̀. Ó ní, "Màmá, bí mi ò bá lè kó ọta mẹ́ta sínú abọ́ páànù yín kí ilẹ̀ Ọjọ́ Ẹtì tó ṣú, mo máa gbé ìbọn yìí padà sára ògiri, n ò ní lọ mọ́. Mi ò ní ṣe ẹranko léṣe kó máa wọ́ ara rẹ̀ kiri inú igbó títí tó máa fi kú."

Láti ọ̀sán ni wọ́n ti ń yìn ín, abọ́ páànù kò sì tíì gbọ́gbẹ́.

"Ẹ̀tù yẹn ló kéré," ni Dell wí.

"Èjìká mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ni Dádì máa ń sọ lẹ́bàá iná? 'Ẹ kún ìwọ̀n náà títí yóò fi ga bí òkè, kí ẹ tún wá fi díẹ̀ lé e nítorí ìwo àgbọ̀nrín!'"

Ó gbé ìwọ̀n ẹ̀tù tí Orrin fúnra rẹ̀ fi ìwo àgbọ̀nrín gbẹ́. Ó da ẹ̀tù dúdú sínú rẹ̀ títí tó fi ga ní ṣóńṣó bí wọ́n ti ń ṣe láti ọ̀sán, ó tún fi díẹ̀ lé e, ó sì dà á sí ẹnu ìbọn. Tressa fi àkísà wé ọta, ó tì í wọlé, ó mú igi ìkìbọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Nígbà tó dé ìdajì, igi náà dúró gbọn-in.

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò lọ. Dell gbà á, ó fi gbogbo ara rọ̀ ọ́. Kò lọ.

"Ó há," ni Tressa wí.

"Kí la fẹ́ máa fà á fún? A ṣáà fẹ́ kó jáde tẹ́lẹ̀. Jẹ́ kí n yìn ín, ẹ̀tù á tì í síta."

Dell yọ igi náà. Ó ti mú fìlà bàbà kan láti inú àpò rẹ̀, ó ti fi lé ibi tí òòlù ìbọn ń gbá, ó sì ti ń gbé ìbọn náà sókè, nígbà tí ohùn kan bú jáde láti ẹ̀gbẹ́ ilé.

"Dell Haldorsen! Yọ fìlà yẹn kúrò! Yọ ọ́ báyìí!"

Ọ̀gbẹ́ni Eloy Quintana ni. Òun ni olùkọ́ tí ìjọba fún láṣẹ láti kọ́ àwọn ọdẹ àdúgbò náà bí wọn kò ṣe ní ṣe ara wọn léṣe. Àti Dell àti Tressa, kò sí ẹni tí kò kọ́ nínú wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Verna ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, aṣọ ìdáná ṣì wà lára rẹ̀.

"Èmi ni mo pè é," ni Verna wí. "Ariwo ẹnu yín ti ń bo ariwo ìbọn mọ́lẹ̀."

Dell yọ fìlà náà. Eloy gba ìbọn, ó sì kọ ẹnu rẹ̀ sí òkìtì yẹ̀pẹ̀.

"Ẹ̀tù wà nísàlẹ̀," ló wí. "Ọta há sí àárín. Òfìfo ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí iná bá mú ẹ̀tù yẹn, agbára rẹ̀ máa kọ lu ọta yẹn bí ìgbà tí ènìyàn kọ lu ògiri. Irin á wú, irin á sì ya. Dell, nígbà tí o bá ń yìnbọn, ibo ni ọwọ́ òsì rẹ máa ń wà?"

Dell wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó tì í bọ àpò.

"Kí ló dé tó fi há, sà?" ni Tressa bi í.

"Ìgbà wo lẹ nu inú rẹ̀ kẹ́yìn?"

Dell na ìka sí Tressa, Tressa na ìka sí Dell.

"Ẹ̀tù dúdú máa ń fi ìdọ̀tí sílẹ̀ bí ọ̀dà," ni Eloy wí. "Ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ nù ún lẹ́ẹ̀kan. Àkísà tí ẹ fi omi ọṣẹ rin díẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò, kí gbígbẹ wá tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ yín. Ìwọ Dell, ojú fèrèsé lo ń wò lọ́jọ́ náà."

"Jolene Tafoya ló ń kọjá lọ, sà."

"Mo mọ̀. Òun náà yege ìdánwò ju ẹ lọ."

Eloy rọ omi sí ibi tí iná ń gbà wọlé kí ẹ̀tù inú lè kú. Ó fi irin kékeré kan tó rí bí ìṣó lílọ́ sí orí igi ìkìbọn, ó lọ́ ọ wọ inú òjé, ó sì ní kí àwọn méjèèjì fà á. Tressa di ìbọn mú, Dell di igi mú. Wọ́n fà, wọ́n fà, ojú Dell pọ́n bí tòmátì, àfi pọ́ọ̀! Ọta jáde, Dell sì fi ìdí jókòó sínú koríko. Ajá jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó wá lá a lójú.

Verna rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Tressa ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn.

Eloy kò rẹ́rìn-ín. Igi ìkìbọn ló ń yí wò lọ́wọ́.

"Kí ni òrùka yìí?"

Wọ́n sún mọ́ ọn. Nítòsí òkè igi náà, ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yípo.

"Mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni," ni Tressa wí.

"Orrin? Ọ̀ṣọ́ kẹ̀? Ọkùnrin tó fi ọ̀dà ilé kun ọkọ̀!" Eloy mi orí. "Àmì ni. Bí ẹ bá kì í tán, tí ọta jókòó pẹ̀kípẹ̀kí lórí ẹ̀tù, òrùka yìí gbọ́dọ̀ bá ẹnu ìbọn dọ́gba gẹ́ẹ́. Bó bá yọ sókè, ọta ò tíì délẹ̀. Ká ní ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan ni, ẹ ò ní fọwọ́ kan fìlà."

Tressa fi ìka kan òrùka náà.

"Ṣùgbọ́n, Ọ̀gbẹ́ni Quintana, ó ti ń yọ sókè láti ọ̀sán. Láti ìgbà àkọ́kọ́ pàápàá, tí inú ìbọn ṣì mọ́, tí ọta sì lọ wẹ́rẹ́. Ó yọ tó ìbú ìka kan."

"Ṣé ó dá ẹ lójú pé ọta ti délẹ̀ nígbà náà?"

"Ó dá mi lójú. Bí mo ṣe ń tẹ igi náà, ńṣe ló ń ta padà sí mi lọ́wọ́."

"Kí ló tún lè gbé ọta ga nígbà náà, yàtọ̀ sí ìdọ̀tí?"

Tressa wo ìbọn. Ó wo ìwọ̀n ìwo tó wà lórí tábìlì, ẹ̀tù ṣì lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀.

"Ẹ̀tù ni," ló wí. "Ẹ̀tù tiwa pọ̀ ju ti Dádì lọ."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀!" ni Dell wí. "Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́! Bí òkè! Kí á sì fi díẹ̀ lé e!"

Verna di ọgbà mú kó má bàa ṣubú, ẹ̀rín tún ti gbé e. "Orrin yìí náà? Ọkùnrin tó máa bu ṣúgà sí kọfí, tó máa kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣúgà kúrò lórí ṣíbí! Dell ọmọ mi, ẹ̀bá iná ni bàbá yín ti máa ń kún ìwọ̀n. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀, ẹ̀tù rẹ̀ á máa ga, àgbọ̀nrín rẹ̀ á máa tóbi, òjò dídì á sì máa mù ún dé ọrùn."

Dell mú ìwọ̀n ìwo náà, ó gbọn ẹ̀tù etí rẹ̀ dànù.

Ní gbogbo àkókò yìí, Eloy ti lọ sínú koríko níwájú tábìlì. Ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa nǹkan. Nígbà tó padà dé, ó tẹ́ àwọn àkísà tí ìbọn ti tu jáde sórí tábìlì. Gbogbo wọn ló ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, iná ti jó etí wọn.

"Ìbọn ti ń bá yín sọ̀rọ̀ láti ọ̀sán," ló wí, "ẹ ò tẹ́tí sí i. Inú ihò rẹ̀ ní ìlà tó lọ́ bí okùn, àwọn ìlà yẹn ló ń mú kí ọta máa yí bó ṣe ń lọ, kó lè lọ tààrà. Àkísà ló ń di ọta mú mọ́ ìlà, òun náà ló ń dènà iná. Bó bá jáde lódindi, tí àárín rẹ̀ kàn dúdú, ó ti ṣiṣẹ́. Èyí ti kú kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Aṣọ wo lẹ fi ṣe é?"

"Ṣẹ́ẹ̀tì mi kan tó ti gbó," ni Dell wí.

"Ṣẹ́ẹ̀tì!" ni Verna pariwo. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ṣé ẹ ò bá wọn gbé ilé yìí ni? Ìrọ̀rí mi ni bàbá yín máa ń gé! Lọ́dọọdún, bí oṣù August bá ti ń parí lọ, mo máa gbé orí lélẹ̀, ìyẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ mí nímú!"

Ó yí padà, ó wọlé. Nígbà tó jáde, ìrọ̀rí àtijọ́ kan ló gbé mọ́ àyà, aṣọ líle onílà búlúù ni wọ́n fi rán an. Wọ́n ti gé igun rẹ̀ kan, wọ́n sì ti fi aṣọ mìíràn lẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tí wọ́n ní láti sọ fún pé ìrọ̀rí Orrin fúnra rẹ̀ ni.

Ó gbé e lé Tressa lọ́wọ́, ó sì fi sísọ́ọ̀sì lé e.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ ra aṣọ tuntun ní ìlú."

"Gé e, ọmọ mi. Ó ti sùn lórí rẹ̀ tó."

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, gbogbo wọn tún péjọ sínú pápá. Eloy mú gíláàsì ojú àti ohun tí wọ́n ń fi dí etí wá fún kálukú. Ó ti wo ìwé ìtọ́ni àwọn tó ṣe irú ìbọn náà, ó ti rí iye ẹ̀tù tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, ó sì mú ìwọ̀n idẹ kan wá tí ènìyàn lè fà gùn tàbí tì kúrú. Tressa ti gé aṣọ ìrọ̀rí ní róbótó róbótó, ó ti fi ọ̀rá àgùntàn àti ìda oyin pa á.

"Láti ìsàlẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀," ni Eloy wí. "Mẹ́ta mẹ́ta la ó máa yìn, ká tó fi díẹ̀ kún un. Ohun kan ṣoṣo la ó sì máa yí padà lẹ́ẹ̀kan; aṣọ ìrọ̀rí yìí la ó máa lò títí. Bí ẹ bá yí ẹ̀tù àti aṣọ padà pọ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ èyí tó ṣe oore?"

Ẹ̀tù díẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìbọn náà rọra dún. Tressa nù ún, ó kì í, ó wo òrùka, ó yìn ín. Ọta mẹ́ta àkọ́kọ́ tú ká tó ìbú fìlà darandaran kan, ṣùgbọ́n orí pátákó tí wọ́n so abọ́ páànù mọ́ ni gbogbo wọn wà!

"Ó ń bọ̀!" ni Dell pariwo.

Wọ́n fi díẹ̀ kún un. Àwọn ọta tú ká tó àwo oúnjẹ. Wọ́n tún fi díẹ̀ kún un. Wọ́n tú ká tó àwo kékeré. Dell kò lè dúró lójú kan mọ́. Bí ìbọn bá ti dún, tí Tressa sì ti gbé e sílẹ̀, tí Eloy sì sọ pé "Ó yá," á sáré la èéfín kọjá bí ọmọ ilé ìwé. Ó ń ṣa àkísà bọ̀ lọ́nà, ó ń gbé wọn sókè. "Odindi! Wò ó, odindi! Ó ṣeé fi ránṣọ!"

Wọ́n fi díẹ̀ kún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí Tressa kì í tán, òrùka sọ̀kalẹ̀, ó bá ẹnu ìbọn dọ́gba gẹ́ẹ́, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó fi fìlà sí i, ó gbé ìbọn lé èjìká.

Gbàù! Ó nù ún. Gbàù! Ó nù ún. Gbàù!

Dell sáré lọ. Ó dúró níwájú abọ́ páànù, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí.

"Dell! Sọ̀rọ̀!"

"Wọ́n ń fẹnu ko ara wọn lẹ́nu!" ni Dell ké. "Tress! Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Ọwọ́ kan bò wọ́n!"

Tressa fò sókè, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń yí kiri nínú èéfín. Eloy ní kí wọ́n tún fi díẹ̀ kún un, kí wọ́n lè mọ̀ dájú. Wọ́n fi kún un, àwọn ọta sì tún tú ká. Nítorí náà wọ́n padà sí èyí tó dára.

Lẹ́yìn náà, Eloy wọn ẹ̀tù tó dára náà sínú ìwọ̀n idẹ, ó sì dà á sínú ìwọ̀n ìwo Orrin. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó kún dé etí. Kò lé, kò dín. Bí ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé e.

"Dádì, ẹ̀yin opùrọ́ yìí," ni Dell wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ Sátidé, Tressa àti Dell jókòó láàárín àwọn igi funfun lórí òkè, aṣọ pípọ́n bí ọsàn tí òfin ní kí ọdẹ wọ̀ wà lára wọn. Òrùka ti bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Akọ àgbọ̀nrín kan fọn bí fèrè nísàlẹ̀, ó sì jáde sí etí pápá, ìwo rẹ̀ bí igi tí ewé wọ́ dànù.

"Yìn ín!" ni Dell sọ sí i létí.

"Ó jìnnà ju ibi tí mo ti bá abọ́ páànù lọ."

"Ó máa lọ, Tress!"

"Kó máa lọ."

Ṣùgbọ́n kò lọ. Ó ń jẹ koríko bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó yí ẹ̀gbẹ́ sí wọn, ó gbé orí sókè. Ó ti sún mọ́ ju abọ́ páànù lọ.

Gbàù!

Èéfín bo gbogbo rẹ̀. Dell ti dìde, ó ń na ọrùn. "Ṣé ó bà á? Kí ló bà?"

Èéfín lọ. Àgbọ̀nrín ńlá náà wà nílẹ̀ níbi tó dúró sí, kò gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta.

"Kì í ṣe òkìtì yẹ̀pẹ̀," ni Tressa wí, omi sì ń ṣàn lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọdẹ oníṣakabùlà, ẹ̀kọ́ ilé Haldorsen jẹ́ ti gbogbo wa. Ẹ̀tù dúdú tàbí irú rẹ̀ tí àwọn tó ṣe ìbọn yín fọwọ́ sí nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ̀tù ìbọn ìgbàlódé máa ń fọ́ ṣakabùlà mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ wò nínú ìwé ìtọ́ni iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì máa yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Inú ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ ti da ẹ̀tù sí ìbọn, ẹ má dà á láti inú agolo tààrà, nítorí iná lè ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ìbọn, kó sì ràn mọ́ agolo lọ́wọ́ yín. Ẹ máa nu inú ìbọn lẹ́yìn tí ẹ bá yìn ín, kí ẹ sì máa yẹ àkísà tó bọ́ sílẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ àmì sára igi ìkìbọn yín, kẹ́ ẹ wò ó kí fìlà tó dé orí ìbọn. Bí ọta bá há, ẹ má yìn ín. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì yìnbọn sí ẹranko níbi tó jìnnà ju ibi tí ọwọ́ yín ti dájú lọ.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìhàlẹ̀, ẹ ṣe é lẹ́bàá iná, kí àwọn ọ̀rẹ́ yín rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nídìí ìbọn, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé e.